Kí Ló Dé Tí Bọ́sì Inú Fíìmù Fi Ń Wù Wá?

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 13, 14:25–33, 15:1–12, 18:1–19:8
Ẹsẹ àkọsórí: Òwe 26:24–25

ÌFÁÁRÀ

Ní kékeré wa, oríṣi èèyàn méjì péré ló wà nínú fíìmù: áktọ̀ àti bọ́sì. Áktọ̀ ni ẹni rere, bọ́sì ni olórí àwọn ẹni ibi. Áktọ̀ kì í kú. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá tẹ bọ́sì, gbogbo ọmọdé tó yí tẹlifíṣọ̀n ká á pàtẹ́wọ́, wọ́n á hó yèè. Kò sí ẹni tí ń káàánú bọ́sì nígbà náà.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ wọ ọ́sítẹ́lì èyíkéyìí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí iná bá wà, kí ẹ tẹ́tí sí àwọn tó kóra jọ sídìí kọ̀ǹpútà kan. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan á sọ pé, “Ọkùnrin yìí burú o, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀.” Ẹlòmíràn á ní, “Èmi ò fẹ́ kí wọ́n mú un.” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọmọ ìdàpọ̀, tí wọn ò ní ṣe ibi sí eṣinṣin. Irú fíìmù tí mo ń sọ ni èyí tí ogun rẹ̀ wà nínú ọkàn àti ọpọlọ, tí ẹni ibi inú rẹ̀ gbọ́n, tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó sì mọ bí a ti ń mú ọkàn èèyàn.

Kí ló ń fà wá sọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kí ni irú fíìmù yìí ń kọ́ ojú wa láti máa rí, kí ló sì ń kọ́ ọ láti má ṣe rí mọ́? Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó wo fíìmù méjì, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti ilẹ̀ wa, lẹ́yìn náà a ó wo ọmọ ọba kan nínú Bíbélì. Ẹni tí kò bá tíì wo àwọn fíìmù náà, kó mọ̀ pé a ó sọ bí wọ́n ṣe parí.

1. DÓKÍTÀ TÓ MỌ̀WÀÁ HÙ

The Silence of the Lambs jáde ní 1991. Jonathan Demme ló darí rẹ̀, inú ìwé ìtàn tí Thomas Harris kọ ní 1988 ni wọ́n ti mú un. Clarice Starling, tí Jodie Foster ṣe ipa rẹ̀, jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ FBI. Apànìyàn kan wà nígboro tó ń jí àwọn ọmọbìnrin gbé, tó ń pa wọ́n, tó sì ń bó awọ ara wọn. Ọ̀gá Clarice rán an lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan tó lè mọ bí irú apànìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ronú. Ẹlẹ́wọ̀n náà ni Dókítà Hannibal Lecter, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀, tó pa èèyàn, tó sì jẹ ẹran ara wọn.

Anthony Hopkins ló ṣe Lecter. Àsìkò tí a fi rí i nínú fíìmù náà kò tó ìṣẹ́jú 25, nínú fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Síbẹ̀ òun ni gbogbo ayé ń rántí. Ó gba Oscar fún un ní 1992, nínú àmì-ẹ̀yẹ Oscar 5 tí fíìmù náà gbà. Ní 2003, American Film Institute to àwọn ẹni ibi inú fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fi Lecter ṣe ẹni àkọ́kọ́. Clarice, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kó lè yọ ọmọbìnrin kan nínú ikú, wà ní ipò kẹfà láàárín àwọn akọni.

Báwo ni wọ́n ṣe mú kí ẹni tó ń jẹ èèyàn wù wá tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní, wọ́n fún un ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tí Clarice kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù ń pariwo, ọ̀kan tilẹ̀ hùwà ìríra sí i. Lecter ní tirẹ̀ dúró ṣánṣán láàárín yàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń dúró dè é bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó kí i dáadáa. Dókítà Chilton, tó jẹ́ alákòóso ibẹ̀, ló ń wo Clarice bí ẹní ń wo ẹran lórí àtẹ. Nítorí náà, lójú wa, apànìyàn ló mọ̀wàá hù, ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú ni kò ní ìtìjú. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ dídùn ló ń yọ obì lápò. Lecter mọ òwe yẹn dáadáa.

Èkejì, wọ́n fún un ní ìmọ̀. Ó wo báàgì Clarice àti bàtà rẹ̀, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ó sì sọ irú ilé tó ti jáde fún un. Lẹ́yìn náà ó bi í nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ìwọ̀ náà wà. Ta ni kì í wù kí ẹnì kan mọ òun dénú? A lè wà láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kó má sí ẹni tó mọ̀ pé a ò tíì jẹun láti àná. Bí ẹnì kan bá wá wo ojú wa tó sọ ohun tó wà nínú wa, a ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà. Nígbà tí Lecter bá ń bá Clarice sọ̀rọ̀, Demme jẹ́ kó máa wo ojú kámẹ́rà gan-an. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwa ni ó ń wò. Àwa náà jókòó sórí àga Clarice, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: wọ́n gba ojú lọ́wọ́ àwọn tó pa. Àwọn tó jẹ kó tó dé ẹ̀wọ̀n, a ò rí wọn rí. Nígbà tó ń sá lọ, ó pa ọlọ́pàá méjì tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n lórúkọ nínú fíìmù náà, Pembry àti Boyle. Ẹ bi ẹni tó ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó rántí orúkọ wọn. Ohun tó máa rántí ni orin dùùrù Bach tó ń dún lábẹ́lẹ̀, àti bí ara Lecter ṣe balẹ̀. Lópin fíìmù, Lecter ti wà ní erékùṣù kan lókè òkun, ó fi fóònù pe Clarice, ó sì dọ́gbọ́n sọ pé òun fẹ́ jẹ Dókítà Chilton. Àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. A mọ̀ pé èèyàn kan fẹ́ kú, à ń rẹ́rìn-ín. Ní ìṣẹ́jú yẹn, a ti kúrò lórí àga Clarice, a ti lọ jókòó ti bọ́sì.

2. ỌMỌ ỌBA AKOTE

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Ní 2014, Kunle Afolayan gbé October 1 jáde. Tunde Babalola ló kọ ọ́. Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní 1960, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku díẹ̀. Nílùú Akote nílẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan ń fipá bá àwọn ọmọbìnrin lò pọ̀, ó sì ń pa wọ́n. Ìjọba òyìnbó rán Inspẹ́kítọ̀ Danladi Waziri, ọmọ òkè Ọya, láti lọ wádìí. Olóògbé Sadiq Daba ló ṣe Waziri.

Láàárín ìgbòkègbodò yìí, Aderopo, ọmọ ọba Akote, ti yunifásítì dé. Ó rẹwà, ó kàwé, ó lawọ́, ó ń bá ọlọ́pàá ṣeré, ó ń bá tálákà tàkúrọ̀sọ. Gbogbo ìlú ń fi í yangàn. Tawa, olùkọ́ kan tí wọ́n jọ dàgbà, nífẹ̀ẹ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ̀: Aderopo ni apànìyàn náà.

Kí wọ́n tó mọ̀, ta ni ìlú kọ́kọ́ fura sí? Àlejò kan, ọmọ Hausa. Okafor, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó kú, sì gbẹ̀san lára rẹ̀, ó pa á. Ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ti ta sílẹ̀ kí òtítọ́ tó jáde, nítorí pé ojú àlejò jọ ojú ìkà lójú wọn, ojú ọmọ ọba kò jọ ọ́. Àwa ọmọ Yorùbá tí à ń kàwé jìnnà sílé, tí àwa náà jẹ́ àlejò níbi tí a wà, ó yẹ kí ibi yìí dùn wá wọra. Òòfà bọ́sì kì í fi òun nìkan pamọ́. Ó máa ń wá ẹlòmíràn tó máa ru ẹrù rẹ̀.

October 1 yàtọ̀ sí fíìmù àkọ́kọ́ lọ́nà kan. Ó sọ ibi tí ọgbẹ́ ti wá fún wa. Nígbà tí Aderopo wà lọ́mọdé, àlùfáà kan tó mú un lọ sí Èkó láti kàwé ló ń bá a ṣèṣekúṣe. Agbekoya, tí wọ́n jọ lọ, sá padà wálé, ó kọ ìwé sílẹ̀, ó di àgbẹ̀. Aderopo dúró, ó sì parí ìwé rẹ̀. Àwọn méjèèjì dákẹ́. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Nígbà tí a bá gbọ́ èyí, àánú Aderopo á ṣe wá, ó sì yẹ kó ṣe wá. Ohun tí wọ́n ṣe sí i burú jáì, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run ló sì ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin Akote kọ́ ló ṣe é ní ibi. Ìdí kì í ṣe àwíjàre. Ọgbẹ́ lè jẹ́ ká mọ bí ẹnì kan ṣe di ohun tó dà, kò lè sọ òkú àwọn ẹlòmíràn di ohun kékeré.

3. ỌMỌ ỌBA JERÚSÁLẸ́MÙ

Ìtàn Aderopo mú wa dé ọ̀dọ̀ Ábúsálómù. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ ọba méjèèjì ṣe jọra tó.

Ábúsálómù rẹwà. 2 Sámúẹ́lì 14:25–26 sọ fún wa pé kò sí àbùkù lára rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì tún sọ bí irun orí rẹ̀ ṣe wúwo tó. Nínú gbogbo Bíbélì, ìwọ̀nba èèyàn ni a ròyìn ẹwà wọn báyìí.

Ábúsálómù lọ́gbẹ́. Ní orí 13, Ámínónì, ọmọ bàbá rẹ̀, fipá bá Támárì àbúrò rẹ̀ lò pọ̀, ó sì lé e síta. Dáfídì bàbá wọn gbọ́, inú bí i gidigidi (ẹsẹ 21), ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan. Ẹjọ́ Ábúsálómù tọ́. Ẹni tó bá kà á tí inú kò bí i, kó yẹ ara rẹ̀ wò.

Ábúsálómù mọ ọkàn èèyàn. Ní orí 15, ó ń jí ní kùtùkùtù, ó ń dúró lẹ́bàá ẹnubodè. Bí ẹnì kan bá ń gbé ẹjọ́ bọ̀ wá bá ọba, á pè é, á bi í pé ìlú wo ló ti wá, á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, á sì sọ fún un pé ó jàre, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ láàfin ni. Bí ẹni náà bá fẹ́ wólẹ̀, á nawọ́ fà á mọ́ra, á fẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ẹni tó bá wá ló jàre lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹsẹ 6 sọ pé ó jí ọkàn àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì. Ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ kì í mọ̀ lásìkò tí olè ń jà á.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹwà, ọgbẹ́, ẹnu dídùn, ìmọ̀ ọkàn èèyàn: ohun tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ń lò lónìí ti wà nínú Bíbélì tipẹ́. Bí a bá fẹ́ òótọ́, Ábúsálómù wù wá. Bíbélì kò sì fi ẹwà rẹ̀ pamọ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ pé ibi lè dára lójú kò tíì múra tán láti bá a pàdé.

4. OHUN TÍ BÍBÉLÌ KÒ GBÀ

Ibi tí Bíbélì ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ fíìmù ni pé kò jẹ́ kí bọ́sì gba gbogbo àwòrán. Ó fún àwọn tó pa lára ní ojú, ó sì kà wọ́n.

Ẹ wo Támárì. Bíbélì jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní 13:12–13 ó bá Ámínónì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kó tó ṣe ohun tó ṣe. Ní ẹsẹ 19 a rí eérú lórí rẹ̀, aṣọ aláràbarà rẹ̀ tó fà ya, ọwọ́ tó gbé lérí, àti ẹkún rẹ̀. Kí ni Ábúsálómù sọ fún un ní ẹsẹ 20? Ó ní kó dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kó má fi sọ́kàn. Lẹ́yìn náà ó di Támárì mọ́lé, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbèrò fún ọdún méjì bó ṣe máa pa Ámínónì. Ó fi ọgbẹ́ àbúrò rẹ̀ ṣe epo fún iná tirẹ̀. Támárì kò rí ìtùnú nínú ikú Ámínónì. Ìgbà ìkẹyìn tí a gbúròó rẹ̀, ahoro ni nínú ilé Ábúsálómù.

Ẹ wo àwọn àlè Dáfídì mẹ́wàá. Ní 16:22, Ábúsálómù, tó bínú torí pé wọ́n fipá bá àbúrò rẹ̀ lò, wọlé tọ àwọn obìnrin wọ̀nyí lójú gbogbo Ísírẹ́lì kó lè fi hàn pé òun ti gba ìjọba. Ohun tó tìtorí rẹ̀ pa Ámínónì ni òun náà wá ṣe sí èèyàn mẹ́wàá. Bíbélì kò sì gbàgbé wọn: ó tún padà sọ ní 20:3 bí wọ́n ṣe gbé ìyókù ayé wọn nínú àhámọ́ bí opó.

Ẹ wo ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, ọmọ ogun tó kú lọ́jọ́ kan nínú igbó Éfúráímù (18:7). Kí Bíbélì tó sọ bí Ábúsálómù ṣe há sórí igi óákù ní ẹsẹ 9, ó ti kọ́kọ́ ka òkú àwọn ẹlòmíràn fún wa ní ẹsẹ 7. Ká tó ronú nípa orí tó rẹwà tó há sáàárín ẹ̀ka igi, a ti mọ iye tó ná ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni ìran kan tó dà bí ẹni pé àwa òǹwòran òde òní ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n mú ìròyìn wá pé Ábúsálómù ti kú, Dáfídì bú sẹ́kún, ó ní ì bá sàn kí òun ti kú dípò rẹ̀ (18:33). Ẹkún bàbá ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tó fi ẹ̀mí wọn wewu gbọ́ ọ, wọ́n sì yọ́ wọ ìlú bí ẹni tó sá lójú ogun. Jóábù wọlé lọ bá ọba. Jóábù kì í ṣe èèyàn mímọ́, òun ló sì pa Ábúsálómù, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ yẹn (19:5–6): ó ní ọba ti dójú ti gbogbo àwọn tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, bí ẹni pé ká ní Ábúsálómù wà láàyè kí gbogbo àwọn yòókù sì kú, ni inú rẹ̀ ì bá dùn.

Ìbéèrè Jóábù nìyẹn lórí ìjókòó ìwòran wa. Bí bọ́sì bá kú tí a sunkún, ó dára, a jẹ́ èèyàn. Ǹjẹ́ a ti sunkún àwọn tó pa?

5. ṢÉ KÍ KRISTẸNI MÁA WO IRÚ FÍÌMÙ YÌÍ?

Àwọn kan máa ń fi Fílípì 4:8 parí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Ẹsẹ yẹn wúwo, kí a má fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kà níbẹ̀ ni ohun tó jẹ́ òótọ́. Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ ìtàn Támárì, ó sì sọ ìtàn inú Onídàájọ́ 19. Nítorí náà, kò tó láti bèèrè bóyá ibi wà nínú ìtàn kan. Ká bèèrè bóyá ìtàn náà sọ òótọ́ nípa ibi. Fíìmù tó jẹ́ kí ikú èèyàn dà bí àwàdà ti purọ́, bó ti wù kí wọ́n ṣe é dáadáa tó. Fíìmù tó fi hàn wá bí ìlú kan ṣe fi ẹwà ọmọ ọba bo ara rẹ̀ lójú lè wúlò fún wa.

Mo dábàá kí olúkúlùkù fi ìbéèrè mẹ́ta dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn tó bá wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Àwọn orúkọ wo ni mo rántí, ti bọ́sì nìkan ni àbí ti àwọn tó pa pẹ̀lú? Ibo ni mo ti rẹ́rìn-ín, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan níbẹ̀? Ǹjẹ́ mo ti ń fẹ́ jọ bọ́sì, kí n máa sọ̀rọ̀ bí i tirẹ̀, kí àwọn èèyàn máa bẹ̀rù mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá ń dẹ́rù bà á, kó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Kò jẹ wá ní gbèsè kankan láti parí fíìmù.

Ẹ jẹ́ ká sì fiyè sí ara wa. Nínú yàrá èyíkéyìí tí èèyàn mẹ́wàá bá kóra jọ wo fíìmù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Bí arábìnrin kan bá dìde jáde láàárín ìran, kí a má pè é ní ojo, kí a má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp.

6. NÍ ÀÁRÍN WA

Ojú tí a fi ń wo fíìmù náà ni a ń gbé wá sí ìdàpọ̀. Bí ojú wa bá ti mọ́ra láti máa wo ẹni tó lẹ́wà ọ̀rọ̀ nìkan, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di òótọ́.

Gbogbo wa mọ irú ẹni tí mo ń sọ, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó mọ àdúrà á gbà, ó mọ orin í kọ, ó máa ń rántí ọjọ́ ìbí gbogbo èèyàn. Ó lè wo ojú ọmọ ọdún kìíní kan kó sọ ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó lẹ́bùn ni Ábúsálómù. Ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ dára, ìjọ nílò rẹ̀. Ohun tí Jésù sọ nínú Mátíù 7:16 ni pé èso ni a ó fi mọ igi, èso kì í sì í yọ lọ́jọ́ kan. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò lè ṣe é lóore. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún un pé rárá. Ẹ wò ó bóyá ó lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “O ò jàre nínú ọ̀rọ̀ yìí,” nítorí ohun tí Ábúsálómù kò lè sọ lẹ́nubodè nìyẹn.

Bí ẹnì kan bá wá sọ pé ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn ti pa òun lára, ọ̀nà méjì tó ti bàjẹ́ wà nínú orí 13 tí a kò gbọ́dọ̀ tọ̀. Ọ̀kan ni ti Ábúsálómù: kó dákẹ́, arákùnrin wa ni, kí orúkọ ìdàpọ̀ má bàjẹ́. Èkejì ni ti Dáfídì: ká bínú gidigidi, ká má ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ ràn wá lọ́wọ́ níbí. Àwọn adarí wa jẹ́ ọmọ ogún ọdún sí méjìlélógún, ìdánwò wà lọ́rùn wọn, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́. Wọ́n nílò àgbà tó máa bá wọn jókòó, tó máa gbọ́ ẹni tó fara gbá, tó sì máa bá a dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ yunifásítì tàbí ọlọ́pàá bí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ̀.

Ẹni tó sì lọ́gbẹ́ láàárín wa, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: má ṣe dákẹ́ bí i ti Aderopo àti Agbekoya. Ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Wá ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán, kí o sọ ọ́.

ÌPARÍ

Ìdí tí Lecter fi wù wá ni pé ó mọ Clarice. Ebi pé kí ẹnì kan mọ̀ wá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run ló fi sínú wa. Nínú Jòhánù 4, Jésù jókòó lẹ́bàá kànga, ó sọ gbogbo ìgbésí ayé obìnrin ará Samáríà kan fún un. Òun náà wo èèyàn dénú. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò di ìjẹ, ó sáré wọ ìlú pẹ̀lú ayọ̀. Àìsáyà 53:2 sọ fún wa pé Ìránṣẹ́ Olúwa kò ní ẹwà tí a ó fi fẹ́ ẹ. Kò ní irun Ábúsálómù, kò sì ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Nínú Jòhánù 10 ó mọ àwọn àgùntàn rẹ̀ ní orúkọ, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún wọn.

Bọ́sì mọ̀ wá kó lè jẹ wá. Jésù mọ̀ wá, ó sì fi ara rẹ̀ fún wa jẹ (Jòhánù 6:51). Nígbà tí a bá tún gba oúnjẹ Olúwa, ẹ jẹ́ ká ronú lórí ìyàtọ̀ yẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ bọ́sì inú fíìmù kan tó wù ọ́. Ẹ̀wẹ̀, dárúkọ méjì nínú àwọn tó pa. Èwo ló rọrùn jù, kí sì nìdí?
2. Kà 2 Sámúẹ́lì 15:1–6. Kí ni Ábúsálómù sọ tó jẹ́ òótọ́? Ibo ni irọ́ ti wọ̀ ọ́?
3. Ṣé Dáfídì ṣẹ̀ nígbà tó sunkún ọmọ rẹ̀? Kí ló yẹ kó ṣe pẹ̀lú ẹkún náà?
4. Báwo ni a ṣe lè káàánú ẹni tó lọ́gbẹ́ láìfi ibi tó ṣe sí ẹlòmíràn pamọ́?
5. Bí ẹnì kan bá mú ẹ̀sùn wá nípa adarí kan nínú ìdàpọ̀ wa lọ́la, ta ló máa gbọ́ ọ? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà tàbí àwọn ẹni náà sílẹ̀ kí ẹ tó tú ká.

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tó ń wo ọkàn, wẹ ojú wa mọ́. Jẹ́ ká máa rí ẹni tí wọ́n pa lára, kó má jẹ́ ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ nìkan là ń rí. Tu àwọn Támárì àárín wa nínú, kí o sì fún wa ní ìgboyà láti dúró tì wọ́n. Ní orúkọ Jésù. Àmín.